Láti Schiphol dé Heathrow: ẹ má gbójú lé aago orí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ ní London, tí ọmọ náà sì ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ pé kí Màmá wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún sì lè gba Amsterdam kọjá. Ọ̀nà àárín pápákọ̀ òfurufú méjèèjì, Schiphol ti Amsterdam àti Heathrow ti London, ni ìṣirò ti máa ń dàrú mọ́ àwọn àgbà lójú.

Ọ̀nà náà kò jìn. Nǹkan bí kìlómítà 370 ni lójú òfurufú. Ti Èkó sí Kano ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Bí ìṣẹ́jú 50 ni bàálù ń lò lókè. Ẹ ò ní tíì mu ohun tí wọ́n bù fún yín tán tí wọ́n á fi ní kí ẹ de bẹ́líìtì. Síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì á kọ wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Kí ló jẹ ìyókù? Ilẹ̀ ló jẹ ẹ́. Schiphol ní ojú ọ̀nà mẹ́fà tí bàálù ń sáré lé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní Polderbaan, tí wọ́n ṣí ní 2003, jìnnà débi pé bàálù ń gba orí afárá kọjá lókè títì mọ́tò kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lè rò pé ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà dé London! Ojú ọ̀nà méjì péré ni Heathrow ní, nítorí náà bàálù máa ń yípo lókè títí àyè yóò fi yọ.

Aago tún wà ńbẹ̀. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra àti ti ìlú tí yóò balẹ̀ sí ni wọ́n ń kọ. Amsterdam fi wákàtí kan ṣíwájú London. Bàálù tó kúrò ní Schiphol ní aago 10:00 lè dé Heathrow ní 10:20. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì ni. Bó bá ń padà, 10:00 sí 12:20 ni wọn yóò kọ, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú náà ni. Aago tiwa kì í yí. Tiwọn ń yí ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá. Lásìkò ọyẹ́, aago Amsterdam bá tiwa mu, London á sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn.

Èyí tó ń fa ẹkún ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí àwọn ọmọ ń rà torí owó pọ́ọ́kú. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé iṣẹ́ kejì kò jẹ yín ní gbèsè kankan. Ẹ sì lè ní láti jáde gba ẹrù yín ní Schiphol, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ wọ Netherlands, físà ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ìrìn méjèèjì wà, kí ẹrù lè lọ tààrà. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè nípa físà ìkọjá lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba Netherlands kí ẹ tó sanwó.

Kí àlàfo wákàtí mẹ́ta wà láàárín bàálù méjèèjì fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ọ̀fẹ́ ni àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti èrò ní Schiphol, ṣùgbọ́n kí ọmọ ti béèrè fún un, ó kéré tán, ní wákàtí 48 ṣáájú.