Ẹ̀sìn Ni Tàbí Èdè? Bí A Ṣe Ń Pa Ààlà Ilé Ìwé

Ẹ̀yin òbí wa ní Ìkirè àti Àpòmù, ẹ mọ̀ pé láyé àwọn bàbá wa, ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń pín ilé ìwé. Ọmọ Mùsùlùmí tó bá wọ ilé ìwé ìjọ lè di Joseph kó tó jáde. Ohun tó mú kí wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 nìyẹn. Láàárín 1970 sí 1979 ni ìjọba gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ṣì wà lára pátákó.

Ibì kan wà tí wọ́n ti yọ ààlà ẹ̀sìn, tí wọ́n fi èdè rọ́pò rẹ̀: ìpínlẹ̀ Quebec, ní Kánádà. Láti 1867 ni òfin ti dáàbò bo ilé ìwé Kátólíìkì àti ti Pùròtẹ́sítáǹtì níbẹ̀. Ọmọ Júù àti ọmọ Mùsùlùmí ńkọ́? Abẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n ń sá sí. Ní 1997 wọ́n tún òfin náà ṣe. Nígbà tó di July 1, 1998, ìgbìmọ̀ ilé ìwé di 72: 60 fún èdè Faransé, 9 fún Gẹ̀ẹ́sì, 3 tó kù ní ètò tiwọn. Báyìí ni ọmọ Kátólíìkì àti ọmọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọ́n jọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bọ́ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan náà. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kò kúrò lọ́jọ́ náà. Ó di 2008 kí ẹ̀kọ́ kan tó kan gbogbo ọmọ tó gba ipò rẹ̀.

Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Ọmọ mọ́ṣáláṣí àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkirè, Yorùbá ni wọ́n jọ ń sọ. Àwọn ọmọ Hausa àti Ìgbò tó wà láàárín wa nìkan ni yóò mú ìṣòro wá, ìṣòro náà kò sì kéré.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò yìí fún gbogbo Nàìjíríà. Ní 2025 wọ́n fagi lé e.

Ìyẹn ló ń dùn mí. Ní ilé kéwú, Lárúbáwá la ń kà, Yorùbá la fi ń túmọ̀ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí mo bi ọmọ kan ní ìtumọ̀ ṣabr. Ó ní "patience". Kò mọ̀ pé sùúrù tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ni.