Odo Orí Mítà

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, bí mítà alágbèéká tí a fi ń wọn iná bá fi odo hàn lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má tíì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tú u. Okùn mítà lè ti já nínú. Wọ́n sì lè ti mú iná lọ, kí ó padà dé lójijì.

Kí ó yí mítà sí V~ tí ó ga jù. Okùn pupa kò gbọdọ̀ wà ní ihò A. Kí ìka rẹ̀ má ṣe kọjá etí ike ọ̀pá. Kí ó kọ́kọ́ wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tí iná wà níbẹ̀: nǹkan bí 230 ni yóò hàn. Kí ó wọn èyí tí a ti pa, kí ó sì tún wọn ti àkọ́kọ́. Bí 230 bá tún hàn, odo náà di òtítọ́.

Ẹ̀mí kò láàrọ̀.