Ìbò Òjijì

Ní ọjọ́ 22 oṣù May, 2024, Rishi Sunak, olórí ìjọba Ìlú Ọba, dúró nínú òjò, ó kéde ìbò fún ọjọ́ 4 oṣù July. Ẹnu ya àwọn ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi múra, ìbò náà sì gba ìjọba lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Tiwa ti 2019 ńkọ́? Ọjọ́ 16 oṣù February tí a fẹ́ dìbò gan-an, kí ilẹ̀ tó mọ́, ni wọ́n sún un sí ọjọ́ 23. Àdéhùn mà ni ọjọ́ tí a dá fún ènìyàn! Ẹni tí ó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Èkó, tí ó wọkọ̀ wá sí abúlé ní Lágelú tàbí Ẹgbẹ́dá láti dìbò, ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà? Tòmátì alátẹ Mọ́níyà kò kúkú mọ̀ pé wọ́n ti sún ìbò.