Charley, Ajá Tó Yí Amẹ́ríkà Ká Nínú Ọkọ̀ Tó Ní Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fàyè sílẹ̀ díẹ̀ kí n sọ ìtàn ajá kan fún yín. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ajá tẹ́ ẹ bá rí nínú mọ́tò, bí kò bá jẹ́ ti ọlọ́dẹ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Ògún ti délẹ̀ nìyẹn. Ti Charley kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, tí wọ́n fi jọ rin ìrìn tó súnmọ́ 10,000 máìlì yíká ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1960.

Ta ni ọ̀gá rẹ̀? John Steinbeck ni, òǹkọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Salinas ní California ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1902, ṣùgbọ́n apá New York ló ń gbé nígbà tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún 58, àìsàn sì ti bá a fínra. Ló bá rò ó wò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà lòun ń kọ tà, bẹ́ẹ̀ ó tó bí ọdún 25 tóun ti yẹ ilẹ̀ náà wò kẹ́yìn. Ó ní àfi kóun lọ.

Ọkọ̀ tó gbé lọ ni kẹ́ ẹ gbọ́. Píkáàpù GMC ni, wọ́n wá kọ́ yàrá lé e lẹ́yìn: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà, firíìjì wà, ilé ìgbẹ́ pàápàá wà. Ọgbọ́n tó fi ń fọṣọ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ike ìdalẹ̀nù ńlá onídèérí kan ló fi okùn tó ń fà bíi rọ́bà so kọ́, ó da omi àti ọṣẹ sí i, ó kó aṣọ sí i, ó wakọ̀ lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun gegele tó ń bọ́ sí kòtò, bẹ́ẹ̀ laṣọ ń fọ ara rẹ̀. Bó bá ṣe ojú ọ̀nà tiwa ni, aṣọ náà á ti gbó kó tó délé!

Poodle ni wọ́n ń pe irú ajá tí Charley jẹ́. Ó ga, irun rẹ̀ ká, àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí aró. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà kì í ṣe ká ṣọ́ ọkọ̀ nìkan. Bí wọ́n bá débi tí àwọn àjèjì pàgọ́ sí, Steinbeck á tú u sílẹ̀, Charley á rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ. Ọ̀gá rẹ̀ á wá lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, ibẹ̀ ni wọn á ti fi ìjókòó lọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà, ọgbọ́n ọjà nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dé ibodè Kánádà lẹ́bàá Niagara, wàhálà dé. Kò sí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ pé Charley ti gba abẹ́rẹ́ àìsàn dìgbòlugi. Àwọn aṣọ́bodè Kánádà ní ó lè wọlé o, ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní jẹ́ kí ajá náà padà láìsí ìwé. Steinbeck yí ọkọ̀ padà. Ni aṣọ́bodè Amẹ́ríkà bá dá a dúró, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ti ìlú òkèèrè bọ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ ibẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Sẹ̀mẹ̀ ná ọjà, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bó ṣe rí.

Ní Spokane, itọ̀ dí ajá náà, ó ń kérora. Dókítà ẹranko tí wọ́n rí níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó mutí mọ́jú, kò sì bìkítà. Ó di ìgbà tí wọ́n dé Amarillo ní Texas kí ọ̀dọ́ dókítà kan tó fi sùúrù wò ó sàn.

Láàárín méjèèjì ni wọ́n gba etíkun Pacific sọ̀kalẹ̀, láti Seattle gba Oregon lọ sí California, òkun lọ́wọ́ ọ̀tún, òkè àti igbó lọ́wọ́ òsì. Táyà bẹ́ ní Oregon lọ́jọ́ Sunday nínú òjò, onílé epo kan ló bá a wá òmíràn kiri. Ibẹ̀ náà ni igi redwood wà, àwọn igi tó ga ju 300 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Steinbeck mú ajá rẹ̀ lọ síbẹ̀ pé kó tọ̀ sídìí ọba igi. Charley ò tiẹ̀ wò ó! Àfi ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ gé ẹ̀ka kékeré kan, tó rì í mọ́lẹ̀ sídìí igi ńlá náà, kí ajá tó gbé ẹsẹ̀. Ní Monterey, nítòsí ilé bàbá rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ti kú, òun àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin sì ń jà lórí ìbò Kennedy àti Nixon.

Àmọ́ ibi tí mo ń bá bọ̀ ni New Orleans. Lọ́jọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1960, ọmọbìnrin dúdú ọmọ ọdún mẹ́fà kan, Ruby Bridges, wọ ilé ìwé William Frantz, tó jẹ́ pé ọmọ òyìnbó nìkan ló ń lọ tẹ́lẹ̀. Ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ló ń sìn ín lọ, ló ń sìn ín bọ̀. Láràárọ̀ làwọn obìnrin òyìnbó ń dúró síwájú ilé ìwé, tí wọ́n ń bú ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Abiyamọ o! Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ ní àwọn ò tà fún wọn mọ́.

Steinbeck fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó bẹ̀rù kí wọ́n má ba ọkọ̀ òun jẹ́ nítorí nọ́ńbà New York, ló bá fi ọkọ̀ àti Charley síbi ìgbọ́kọ̀sí, ó wọ takisí lọ. Ẹni tó ń bojú tó ibẹ̀ yọjú wo inú ọkọ̀, ó rí ojú dúdú Charley, ó ní òun ti rò pé ènìyàn dúdú ló gbé jókòó. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lo orúkọ èébú tí wọ́n ń pe ìran wa. Kì í ṣe òun nìkan ló dá àwàdà yẹn fún un ní gúúsù. Ajá lè jókòó síwájú o. Ènìyàn dúdú ni kò gbọdọ̀ jókòó.

Bó bá jẹ́ ènìyàn dúdú ló fẹ́ rin irú ìrìn yìí nígbà náà, ìwé kan wà tó ní láti mú dání. Victor Hugo Green, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń gbé ní Harlem, ló bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1936. Ó to orúkọ otẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé epo tí wọn kì í ti í lé dúdú sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn New Orleans, ìrìn náà sú Steinbeck, ó kọjú sílé. Ìwé tó kọ, Travels with Charley, jáde lọ́dún 1962, ọdún tó gba ẹ̀bùn Nobel. Charley kú ní 1963, ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1968. Ní 2010 ni akọ̀ròyìn kan, Bill Steigerwald, tọ ipasẹ̀ wọn, ó ní ìyàwó Steinbeck wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ púpọ̀, otẹ́ẹ̀lì gidi ló sì ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi gbà pé òǹkọ̀wé lè fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ti Ruby ni kò lè jẹ́ iyọ̀, nítorí gbogbo ayé ló rí fọ́tò rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ti padà sí Salinas, nílé àkójọ National Steinbeck Center. Ẹ̀yin tí ajá yín bá ti bá yín rìn jìnnà rí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa.