Ejò ilé ní Ouidah àti aládùúgbò tí ẹ̀rù ń bà

Bí àgbẹ̀ Tchetti bá pàdé ejò lóko, àdá ló máa ń nawọ́ sí. A kò lè bá a wí. Paramọ́lẹ̀ lè má kìlọ̀ kó tó bu ni jẹ.

Ní Ouidah, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yà ere kékeré kan ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dangbé. Kò ní oró. Eku ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, á fi orí pamọ́ sáàárín. Síbẹ̀, ó ti rí ìkórìíra. Ní 1727, nígbà tí ọmọ ogun Agaja, ọba Dahomey, ṣẹ́gun ilẹ̀ náà, wọ́n pa àwọn ejò wọ̀nyí, wọ́n sì jẹ wọ́n. Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ìsìn náà kò parẹ́: lónìí, ilé ejò náà kọjú sí ilé ìjọsìn ńlá àwọn Kátólíìkì.

Lóru, àwọn ejò náà a máa jáde lọ dọdẹ. Ẹni tó bá bá ọ̀kan nínú yàrá rẹ̀ kò ní pa á. Yóò ránṣẹ́ pe àwọn olùsìn, wọn yóò wá gbé e. Ohun tó wù mí jù nìyí: wọn kò ní kí aládùúgbò fẹ́ràn ejò, kìkì kó má pa á, wàhálà tó kù di tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ sin ejò ní Tchetti, kó kọ́kọ́ sọ fún ará ilé kejì, kó sì wá ìdérí tó le fún àpótí rẹ̀.