Àpapọ̀ mòmẹ́ńtọ̀mù ohun méjì

Nínú ìmọ̀ físíksì, mòmẹ́ńtọ̀mù (p) ohun kan ni iye tí a ń rí nígbà tí a bá fi ìyára rẹ̀ (v) sọ ìwọ̀n rẹ̀ (m) di púpọ̀: p = mv. Àpapọ̀ mòmẹ́ńtọ̀mù ohun méjì ni ti èkíní tí a rò pọ̀ mọ́ ti èkejì. Bí ipá kankan kò bá ti ìta wá, àpapọ̀ yìí kì í yí padà, bí àwọn ohun méjèèjì tilẹ̀ kọlu ara wọn.

Ìhà tí ohun ń lọ

Mòmẹ́ńtọ̀mù ní ìhà tí ó kọjú sí. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ìhà kan kí a sì fún un ní àmì ìròpọ̀ (+). Ohun tí ó ń lọ sí òdìkejì rẹ̀ yóò gba àmì ìyọkúrò (−).

Àpẹẹrẹ

Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì wà lórí irin tí ó ń yọ̀. A wọn 3 kg, ó ń lọ sí ọ̀tún ní 4 m/s. B wọn 2 kg, ó ń lọ sí òsì ní 1 m/s.

p = (3 × 4) + (2 × −1) = 12 − 2 = 10 kg·m/s

Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn ìkọlù, ìwọ̀n wọn di 5 kg, ìyára wọn sì jẹ́ 10 ÷ 5 = 2 m/s sí ọ̀tún. Ẹni tí kò bá ka ìhà sí yóò rí 14 dípò 10, ìyára tí ó bá rí yóò sì jẹ́ 2.8 m/s, èyí tí kò tọ̀nà.

Ìdí rẹ̀

Ipá tí A fi ti B dọ́gba pẹ̀lú èyí tí B fi ti A, ṣùgbọ́n ìhà wọn lòdì síra. Ohun tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì jèrè: mòmẹ́ńtọ̀mù A dínkù láti 12 sí 6, ti B kúrò ní −2, ó di 4. Agbára ìrìn wọn kò rí bẹ́ẹ̀: ó jẹ́ 25 J ṣáájú ìkọlù, ó sì ku 10 J lẹ́yìn rẹ̀. 15 J tí ó kù ti di ooru, ariwo àti ìtẹ̀wọnú.

Ìtàn

Ní 1644, René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Fránsì, kọ ọ́ pé àpapọ̀ ìrìn tí ó wà láyé kì í yí padà, ṣùgbọ́n kò ka ìhà mọ́ ọn. Ní 1669, Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ṣàlàyé pé àfi bí a bá ka ìhà sí ni iye náà fi ń dúró. Isaac Newton fi í sínú ìwé Principia ní 1687.

Ìwúlò

Àwọn olùṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ń lo ìṣirò yìí láti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó kí ó tó kọlu òmíràn.