Kọ̀ǹpútà Tó Yára Jù Láyé: Ìdánwò Wo Ni Ká Gbà Gbọ́?

Ẹni tó mọ ohun tó ń rà ò ní gba ẹnu ọlọ́jà gbọ́ lórí màṣíìnì ìránṣọ. Á ní kí wọ́n fi aṣọ sí i, kí wọ́n rán an lójú òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń dán àwọn kọ̀ǹpútà alágbára wò, èyí tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kún gbọ̀ngán, tó sì ń jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là owó ìlú. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé, aṣọ wo ni wọ́n fi ń dán an wò?

Láti 1993 ni wọ́n ti ń gbé orúkọ kọ̀ǹpútà 500 tó yára jù láyé jáde, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. TOP500 ni wọ́n ń pè é. LINPACK ni ìdánwò tí wọ́n fi ń tò wọ́n. Jack Dongarra, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n á kó ìṣirò rẹpẹtẹ fún ẹ̀rọ, wọ́n á wo iye tó ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ní 2020, Fugaku tó wà nílùú Kobe nílẹ̀ Japan ló gbapò kìíní pẹ̀lú máàkì 442. Máàkì kan ṣoṣo, ìṣirò mílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù kan ni o! Nígbà tó di 2022, Frontier ti Amẹ́ríkà gba 1,102. Ariwo ta.

Ṣùgbọ́n LINPACK dà bíi télọ̀ tí wọ́n kó gbogbo aṣọ tó fẹ́ rán sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ gidi ò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ọmọ iṣẹ́ ń lọ mú aṣọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti sítọ́ọ̀. Bó ti wù kí ọwọ́ ọ̀gá yá tó, á jókòó dúró ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe ń dúró de nọ́ńbà tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí.

Ìdí nìyẹn tí Dongarra fúnra ẹ̀ àti Michael Heroux fi gbé ìdánwò mìíràn kalẹ̀, HPCG. Ojú Fugaku rí màbo: láti 442, ó já sí 16. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà, náírà mẹ́rin ò pé! Frontier tó ti di ọ̀gá ńkọ́? Máàkì 14 ló gbà ní oṣù kọkànlá 2022. Fugaku tí wọ́n ti lé kúrò lórí àga ló tún ṣíwájú níbẹ̀, kò sì kúrò títí di oṣù kẹfà 2025, nígbà tí El Capitan ti Amẹ́ríkà gba 17.

Ìdánwò kankan ò parọ́ nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tí wọ́n bèèrè ni ò dọ́gba. Ẹni tó fẹ́ máa rán jíǹsì, tó fi léèsì dán màṣíìnì wò lọ́jà, kó má bínú bí abẹ́rẹ́ bá kán nílé.